AṢỌ ỌBA KÌ Í ṢE IṢẸ́ ẸNÌ KAN
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aláṣọ wa sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, ní Ore)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn tó ń ránṣọ fún ọba, ká tó dórí aṣọ ẹgbẹ́ tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa.

Ọkùnrin aránṣọ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Norman Hartnell lorúkọ ẹ̀. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó Elizabeth ní 1947, kó tó di ọbabìnrin. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, aṣọ wọ́n bí ojú. Ìwọ̀n ni ìjọba fi ń jẹ́ kí èèyàn ra aṣọ, ọmọ ọba pàápàá gba káàdì. Ẹ wá gbọ́ o: wọ́n ń béèrè pé kòkòrò ìlú wo ló tu òwú ṣẹ́dà aṣọ náà! Kò gbọdọ̀ jẹ́ ti Japan tàbí ti Ítálì tí wọ́n bá jagun. Hartnell wádìí, ó ní ti Ṣáínà ni. Ẹ ò rí i? Ẹni tó ń wọṣọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti wá.

Nígbà tó máa gorí oyè ní 1953, ó ní kí Hartnell fi àmì àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ adé òun àti àwọn tí wọ́n jọ wà nínú Commonwealth kún tòun. Ewé Kánádà wà níbẹ̀, òwú Pakistan náà wà níbẹ̀. Tiwa ò sí, a ò tíì gba òmìnira. Hartnell ló ya àwòrán, àmọ́ àwọn obìnrin ló jókòó ti abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má lọ jìnnà. Ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, àwọn obìnrin ló ń hunṣọ látayébáyé. Lọ́dún Igogo, Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a dirun, a múra bí obìnrin, iyùn a bo àyà rẹ̀, nítorí Ọrọnsẹn, olorì ayé àtijọ́. Ṣẹ́dà náà, ṣé àwa ò ní in ni? Sányán ńkọ́? Kòkòrò inú igbó ló ń tu òwú ẹ̀.

Àwọn kan ní ká lọ ra ańkárá l'Ékòó, ká rán an níbẹ̀. Ọkọ̀ Èkó yẹn, iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ wa ni yóò gbà kọjá! Mo mọ̀ pé aṣọ òfì wọ́n. Ẹni tó ń ta ata kò lè ra odidi. Ká fi ṣe gèlè àti ìpèlé nìkan, ká dá owó ẹ̀ bí àjọ fún oṣù márùn-ún. Bùbá àti ìró, kí ó jẹ́ ańkárá tí a bá rà lọ́jà wa níbí, kí àwọn ọmọ wa rán an.

Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ dákun, ẹ dín "wá lọ́la, wá lọ́la" kù. Bí ẹ bá já wa kulẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní lẹ́nu àtigbèjà yín mọ́. Ẹni tó bá gbà, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò kí a tó túká.