Ìrù Ọ̀rọ̀: Bí Ọ̀rọ̀-Ìṣe Kan Ti Ń Yí Padà ní Èdè Spáníà



Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Romu dé orí 15 mọ̀ pé àpọ́sítélì náà ní in lọ́kàn láti lọ sí Spáníà. Ilẹ̀ náà ni èdè tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Láti ọdún 1492 wá ni àwọn ọkọ̀ Spáníà ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé e kọjá òkun, títí ó fi di èdè Mẹ́síkò, Pérú, Kúbà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Ní ti Kúbà, àwọn tí ń sọ ọ́ níbẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun abẹ́lé àti òwò ẹrú kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ sí oko ìrèké erékùṣù náà. Ọdún 1886 ni a tó fi òpin sí oko-ẹrú níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ́ èdè Spáníà lè rí ìbátan bá sọ̀rọ̀.

A kò lè kọ́ odidi èdè ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni a óò mú, a óò sì tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ náà ni esperar. Ó bá ọ̀rọ̀ wa “retí” mu gan-an. Ẹni tí ó ń retí ọkọ̀ ní èbúté, àti ẹni tí ó ń retí ire ní ọjọ́ iwájú, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa fi ń sọ ti àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ará Spáníà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a gé esperar sí ọ̀nà méjì. Esper ni gbòǹgbò rẹ̀, ar sì ni ìrù rẹ̀. Gbòǹgbò kì í yí padà. Ìrù ni ó ń yí. Ní èdè tiwa, bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ó ń retí, iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni a ń wò. Ní èdè Spáníà, ẹ̀yìn ni a ń wò. Ẹ gbọ́:

Espero: mò ń retí.
Esperas: ò ń retí.
Espera: ó ń retí.
Esperamos: à ń retí.
Esperáis: ẹ̀ ń retí.
Esperan: wọ́n ń retí.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé a kò pe “èmi” tàbí “ìwọ” níbì kankan. Ará Spáníà ní ọ̀rọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọn nìkan ni ó sábà máa ń lò wọ́n, bí ìgbà tí àwa bá wí pé, “Èmi gan-an ni.” Ìrù ti ṣe iṣẹ́ náà tán.

Ohun kan tún wà tí yóò dùn mọ́ àwọn àgbà nínú. Ará Spáníà kì í fi esperas bá ẹni tí ó yẹ fún ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. Usted ni yóò pè é, èyí tí ó ti inú vuestra merced wá, ìpè ọ̀wọ̀ àtijọ́. Ìrù tí yóò sì lò fún un ni ti “òun”, èyíinì ni espera. Àwa ń sọ ẹnì kan di púpọ̀ láti bu ọlá fún un. Àwọn ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí níwájú wọn. Ọ̀nà wọn àti ọ̀nà wa yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gba ọmọdé láyè láti na ìka sí àgbà lójú.

Wàyí o, a óò jẹ́wọ́ ohun kan fún yín, nítorí òun gan-an ni ó mú wa yan ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá kan nínú ìjọ wa mú lẹ́tà kan tọ̀ wá wá. Obìnrin kan ní Kúbà ni ó kọ ọ́. Ó ti gbọ́ pé ìdílé bàbá náà ń jẹ́ orúkọ kan tí ìdílé tirẹ̀ kò tíì gbàgbé. Bàbá náà mọ̀ pé à ń kọ́ èdè Spáníà, ó sì bẹ̀ wá kí a túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Nínú lẹ́tà náà ni gbólóhùn méjì yìí wà: Mi abuelo murió en Matanzas. Siempre esperó. A túmọ̀ èyí àkọ́kọ́ dáradára: “Bàbá àgbà mi kú sí Matanzas.” Ní ti èkejì, a rí àmì kékeré kan lórí lẹ́tà tí ó kẹ́yìn, a sì rò pé yíǹkì ni ó ta sí i. A kà á sí espero, a sì wí pé, “Nígbà gbogbo ni mò ń retí.” Inú bàbá náà dùn. A bá a kọ èsì pé a dúpẹ́ fún ìrètí obìnrin náà, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó rẹ òun.

Èsì tí ó padà wá kún fún ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó dójú tì wá. Obìnrin náà wí pé kì í ṣe òun ni ó retí. Bàbá àgbà òun ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ retí láti rí ìlú àwọn bàbá rẹ̀, tí kò sì rí i. Ó ti rò pé àwa tí a wà nílé yóò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa òkú náà, a kò sì sọ nǹkan kan. Àmì kan ṣoṣo ni a fò, a sì gba ìrètí lọ́wọ́ òkú, a gbé e fún alààyè.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo irú àmì bẹ́ẹ̀ mẹ́ta. Espero ni “mò ń retí”. Esperó ni “ó retí”. Espere ni “kí ó retí”. Esperé ni “mo retí”. Esperará ni “yóò retí”. Esperara, tí kò ní àmì lẹ́yìn, jẹ́ ti ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dájú. Lẹ́tà wọn kan náà ni. Ibi tí a tẹ ohùn mọ́ ni ó yà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìgbà tí ó ti kọjá, nítorí ibẹ̀ ni èdè yìí ti ń ṣọ́ra jù. Ìrù méjì ni ó ní fún un. Èkínní ni esperé, esperaste, esperó, esperamos, esperasteis, esperaron. Èyí wà fún ohun tí ó ti parí, tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èkejì ni esperaba, esperabas, esperaba, esperábamos, esperabais, esperaban. Èyí wà fún ohun tí ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, tàbí tí a máa ń ṣe. Àwa náà mọ ìyàtọ̀ yìí: “ó retí” kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú “ó máa ń retí”. Nígbà tí obìnrin Kúbà náà kọ esperó dípò esperaba, ó ń sọ fún wa pé ìrètí náà ti dópin, nítorí ẹni tí ó ni ín ti kú. Ìrù ọ̀rọ̀ kan ni ó fi sọ gbogbo èyí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìrù kì í kùnà. Esperamos ni “à ń retí”, òun náà sì ni “a retí”. Ará Spáníà fúnra rẹ̀ ní láti wo ìyókù gbólóhùn, bóyá a dárúkọ àná tàbí òní níbẹ̀, kí ó tó mọ èyí tí a ní lọ́kàn.

Fún ọjọ́ iwájú, a kì í gé ar kúrò rárá. Ẹ̀yìn odidi ọ̀rọ̀ ni a ń so ìrù mọ́: esperaré, esperarás, esperará, esperaremos, esperaréis, esperarán. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni ó ti wà níbẹ̀ ní àtijọ́, esperar he, bí ẹni tí ó wí pé “mo ní láti retí”. Nígbà tí ó pẹ́, ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Láti inú ìdàpọ̀ irú èyí ni esperaría náà ti jáde, èyí tí í ṣe “èmi ìbá retí”. He sì ṣì dá dúró nínú he esperado, “mo ti retí”, níbi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ “ti” wa.

Ó kù ohun kan, òun ni ó sì ń dẹ́rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù: ipò ọkàn ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ gbólóhùn méjì. Sé que espera: “Mo mọ̀ pé ó ń retí.” Quiero que espere: “Mo fẹ́ kí ó retí.” Nínú èkínní, a ń ròyìn ohun tí ó wà. Nínú èkejì, a ń sọ ohun tí ọkàn fẹ́, tí kò sì tíì rí bẹ́ẹ̀. Ará Spáníà yí ìrù a padà sí e: espere, esperes, espere, esperemos, esperéis, esperen. Àwọn tí ń ti Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ sínú rẹ̀ máa ń kọsẹ̀ níbí. Ọmọ Yorùbá kò ní láti kọsẹ̀, nítorí láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń fi “pé” sọ ohun tí ó wà, tí ó sì ń fi “kí” sọ ohun tí ó fẹ́. Ibi tí ẹnu yín bá ti fẹ́ pe “kí”, lọ́pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ni ìrù yóò ti yí.

Bí ó bá di àṣẹ, espera ni a óò wí fún ọmọdé: “dúró.” Fún àgbà, espere: “kí ẹ dúró.” Bí ó bá sì jẹ́ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀, ẹ gbọ́ èyí: Si esperaras, hablaríamos. “Ìbá ṣe pé o dúró ni, à bá sọ̀rọ̀.”

Bí a bá ka ìgbà márùn-ún tí a fi ń ròyìn, àti méjì tí ó jẹ́ ti ìfẹ́-ọkàn, ní ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà, yóò jẹ́ 42, láìka ti àṣẹ àti àwọn tí ó so mọ́ he. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan ni ó ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìrù esperar ti mọ ti hablar, sísọ̀rọ̀. Ti trabajar, ṣíṣiṣẹ́. Ti comprar, rírà. Ti cantar, kíkọrin. Àti ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn tí ó tọ̀nà bí i tirẹ̀. Ìdílé méjì ni ó kù, ti er àti ti ir, wọn kò sì jìnnà sí èyí.

Nígbà tí àwọn kan bá rí gbogbo ìrù wọ̀nyí, wọn a máa wí pé èdè tiwa kò ní gírámà, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí ìrù. Irọ́ ni. Ń, ti, máa ń, yóò, ìbá, kí: ohun tí wọ́n gbé sí ẹ̀yìn ni àwa gbé sí iwájú. Ní ọdún 1492, Antonio de Nebrija tẹ gírámà èdè Spáníà jáde ní Salamanca, ó sì fi í fún Ayaba Isabel. Ní ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Samuel Ajayi Crowther jáde ní London, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ gírámà wa níwájú rẹ̀. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ẹrú àwọn ará Pọtogí ni a ti gba ọmọ náà là. Orúkọ tí a kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ náà ni Esperanza Felix, “Ìrètí Aláyọ̀”. Láti inú esperar ni orúkọ náà ti wá. Kò sí ìrètí kankan nínú rẹ̀ fún àwọn tí a dè mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gbà nínú rẹ̀ dàgbà, ó sì fi hàn nínú ìwé pé èdè wa ní òfin.

Nítorí náà, ohun kan ni a bẹ̀ yín. Nígbà tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà ní èdè tiwa, ẹ fi àmì sí i. “O lọ” kì í ṣe “ó lọ”: ìwọ ni èkínní, òun ni èkejì. Àṣìṣe tí a ṣe sí ará Kúbà náà ni à ń ṣe sí ara wa lójoojúmọ́, tí a sì ń pè é ní ohun kékeré.

A kọ lẹ́tà kejì sí obìnrin náà. A tọrọ àforíjì, a sì kí i kú àfẹ́kù bàbá àgbà rẹ̀. Bàbá tí ó ni lẹ́tà ní kí a kọ orúkọ òkú náà síbẹ̀, kí a sì wí pé ilé gbọ́. Kí a tó fi ránṣẹ́, a yẹ gbogbo àmì rẹ̀ wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

 Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, kí ó dìde. À ń retí yín.