IGI ÌDÁNÁ ÀTI ÈÉDÚ TÍ À Ń RÀ

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí igi àti èédú, torí ó kan oníbúkà, ó kan alákàrà, ó kan ẹlẹ́ja yíyan, ó sì kan àwa tó ń ta èédú gan-an.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kúrò nídìí igi nígbà kan. A lo kẹrosíìnì, a dé orí gáàsì. Àmọ́ lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, gbogbo nǹkan gbówó lérí. Nígbà tó fi máa di 2024, kílò gáàsì kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà. Bí àdògán ṣe tún jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. N ò bá ẹnikẹ́ni wí o.

Púpọ̀ nínú èédú yìí, Òkè-Ògùn ló ti ń wá, lápá Ṣakí, Ìgbòhò àti Ìsẹ́yìn, òmíràn ń ti Kwara bọ̀. Igi ayin ni wọ́n fẹ́ jù, èédú rẹ̀ le, kì í tètè jó tán. Wọ́n tún ń gé igi òrí. Igi òrí kẹ̀! Kí la fẹ́ fi pa ara ọmọ lọ́la? Wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi koríko àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, iná á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ó kéré tán, kílò igi 5 ló ń lọ sí kílò èédú 1. Igi ẹ̀bá títì ti ń tán, wọ́n ń wọgbó lọ jìnnà, owó ọkọ̀ sì wà lórí àpò tí à ń rà.

Ẹ̀yin tó ń dá igi, ẹ gbọ́ o. Igi tútù, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lè jẹ́ omi. Owó omi lẹ ń san, iná yín náà ló tún máa kọ́kọ́ gbẹ omi ọ̀hún kí ọbẹ̀ tó hó. Ibẹ̀ ni èéfín tó ń pọ́n yín lójú ti ń wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa èèyàn tó mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé lọ́dún 2020. Ikọ́ tí kò lọ, a ní àgbà ló dé. Àgbà kọ́ o.

Èédú kì í rú èéfín púpọ̀, ìyẹn ló ń tan èèyàn. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ń jáde lára rẹ̀, kò lóòórùn, ojú ò rí i. Ẹni tó bá gbé àdògán wọ ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ torí òtútù, tó tilẹ̀kùn sùn, ó lè má jí.

Ìyẹ̀ pákó náà wà. Ẹ gbé ìgò sáàárín páànù tó ní ihò nísàlẹ̀, ẹ ki ìyẹ̀ tó gbẹ yí i ká, ẹ fa ìgò yọ, ẹ wá fi iná sí i láti ihò ìsàlẹ̀. Ìkòkò ẹ̀wà á jinná lórí ẹ̀, àmọ́ ìta gbangba ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja yíyan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dá ká lè jọ ra igi lọ́rì kan, ká là á, ká sá a, ká kó o sábẹ́ òrùlé kí òjò tó dé.