ÀGÙNTÀN TÍ KÒ HỌRA NÁÀ LÈ NÍ INÁ LÁRA

Ọ̀rọ̀ iná ara àgùntàn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àgbò tí irun rẹ̀ ti re, tí ara rẹ̀ dá egbò, ẹ mọ̀ pé kì í pa owó gidi lọ́jà Iléyá.

Ní abúlé kan tí mo máa ń dé, ìyá kan ní àgùntàn mẹ́ta. Ọ̀kan ń fi ara ha ògiri ṣáá. Ìyá fún ìyẹn nìkan lóògùn, ìhọra sì dúró. Kò pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àbí ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún mi?" Mo la irun àwọn méjì tí kì í họra wò. Iná kún ibẹ̀ fọ́fọ́!

Kí ló fà á? Ara àgùntàn ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, bí ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Iná kan wà tí kì í mu ẹ̀jẹ̀, èépá awọ àti ọ̀rá ara ẹran ló ń jẹ. Itọ́ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń ta ẹ̀ṣọ́ ara lólobó. Ẹ̀ṣọ́ á dé, awọ á pọ́n, á sì máa yún ẹran. Ìjà tí ara ń bá iná jà ni ìhọra tí ẹ ń rí yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kì í dá olè mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àgùntàn tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó máa họra. Bẹ́ẹ̀ náà ni kúrúnà. Ara ẹran kò sì rí bákan náà: iná díẹ̀ á mú ọ̀kan máa họra, òmíràn á gbé ọ̀pọ̀ iná, kò ní mira. Èyí tí ebi ti pa rù, ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ kò lágbára, iná á sì máa bí sí i lára rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

1. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ tọ́jú gbogbo wọn, àtàgbò, àtabo, àtọmọ.

2. Ọ̀pọ̀ oògùn kì í pa ẹyin iná. Bí ọjọ́ 10 ni ẹyin náà ń pa. Ẹ tún oògùn lò lẹ́yìn ọjọ́ 14, tàbí bí dókítà ẹran bá ṣe wí. Ẹ bi í pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ máa dúró kí ẹ tó pa ẹran náà jẹ.

3. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò pa wọ́n lára. Ẹran á lá a, á sì ṣe é níjàǹbá.

4. Ẹran tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ kí ó tó dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

5. Ẹ bọ́ wọn yó: èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, ewé àgúnmániyè. Oúnjẹ ni ẹ̀ṣọ́ ara fi ń jà.

Ẹ̀yin àgbà lẹ ni òwe, pé bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ jọ̀ọ́, lówùúrọ̀ ọ̀la, ẹ la irun gbogbo àgùntàn yín wò, pàápàá èyí tí kì í họra.