Ìdúró ní Ibùdókọ̀: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ èrò ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́.

Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn bàbá wa ń wọ̀ lọ sí Èkó, kí títì tó gba èrò lọ́wọ́ ọ̀sà. Ní 2002 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá LAMATA sílẹ̀ láti máa ṣètò ìrìnnà. Ní oṣù kẹta 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT, èyí tí a ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún, bẹ̀rẹ̀ láti Máìlì 12 lọ sí CMS, nǹkan bí kìlómítà 22. Ní oṣù kọkànlá 2015 ni wọ́n fà á dé Ìkòròdú. Ẹni tí ó bá rántí bí títì wa ti rí kí ó tó di ìgbà náà kò ní fi iṣẹ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ nìkan kò mú kí ọkọ̀ dé lásìkò. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Bí àlọ àti àbọ̀ bá gba wákàtí 3, tí ọkọ̀ 18 sì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ kan yóò máa dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí 6 nínú wọn bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó di ìṣẹ́jú 15. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá tún sọ wákàtí 3 di 4 àbọ̀, ó lé ní ìṣẹ́jú 22. Owó ọkọ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ìdúró ti ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn tí ó wà ní Ògòlóńtò àti Májídùn ni ìyà náà pọ̀ fún jù, nítorí ọkọ̀ tí ó ti kún ní ìdíkọ̀ Ìkòròdú yóò kàn kọjá lára wọn ni. Ó yẹ kí ọkọ̀ òfìfo díẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn ní òwúrọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, dánfó ni wọn yóò sá tọ̀, níbi tí kọ̀ńdọ́ ti ń ké pé, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!" (Èmi kò bú dánfó o, òun ni ó ń gbé wa nígbà tí kò sí òmíràn.)

Ní ti Ẹ̀pẹ́, ojú ọ̀nà BRT yìí parí sí Ìkòròdú. Láti ibẹ̀ gba Ìtóìkín lọ kò sí irú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja tí àwọn ìyá wa ń gbé bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ kì í dúró de ọkọ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì díẹ̀ tí tajá tẹran mọ àkókò rẹ̀, tí kò sì yẹ̀, yóò wúlò jù.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí Ẹgbẹ́ yan ọ̀dọ́ mẹ́fà tí yóò dúró ní Àgíríìkì àti Ògòlóńtò fún ọ̀sẹ̀ 2, láti agogo 5 sí agogo 9 òwúrọ̀. Kí wọ́n kọ àkókò tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dé, àti iye ènìyàn tí kò rí àyè wọ̀ ọ́. Ìwé náà ni kí a gbé lọ sí LAMATA. Ìráhùn lásán kò le fún òṣìṣẹ́ láti dá padà, ṣùgbọ́n iye tí a kà yóò béèrè èsì. Kí Akọ̀wé sì kọ̀wé sí àwọn ará wa ní Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n yan tiwọn fún Ìtóìkín.