Kí Aṣọ Wa Lè Rọ̀, Kí Ara Wa Sì Dá

Ọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀ ni wọ́n ní kí n sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, nítorí ohun tí a bá fi fọ aṣọ ni ara wa ń gbé kiri láti àárọ̀ di alẹ́.

Nígbà tí ọmọ ọmọ mi wá sọ́dọ̀ mi, mo fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ rọ̀, kí ó sì máa ta sánsán. Mo ń da omi amáṣọ-rọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ike sínú omi tí mo fi ń ṣan aṣọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ara ọmọ fi sú, tí ó ń họ ara lóru. Nọ́ọ̀sì tí a lọ bá ní kí n kọ́kọ́ jáwọ́ nínú omi olóòórùn náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ara ọmọ bọ̀ sípò.

Omi yìí kì í ṣe ọṣẹ, kì í fọ ìdọ̀tí. Ohun kan tó dà bí ọ̀rá ni ó ń fi bo òwú aṣọ. Ìdí nìyí tí táwẹ̀lì tí a bá fi í ṣan kì í fa omi dáadáa mọ́.

Kí ló wá ń mú kí aṣọ gan? Ní Sókótó wa níbí, òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Kalambaina. Omi kànga tó bá gba inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Ẹfun inú omi àti ọṣẹ a dì mọ́ra wọn lára aṣọ. Bí aṣọ bá gbẹ tán, a le gbagidi. Kì í ṣe pé a kò fi nǹkan kún un; ohun tó kù sára rẹ̀ ni a kò yọ.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí:

1. Mo dín ọṣẹ kù, mo sì ń fi omi ṣan aṣọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

2. Mo ń gbe omi òjò, nítorí kò ní ẹfun nínú. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé ná, kí ẹ sì bo àgbá nítorí ẹ̀fọn.

3. Mo ń da ṣíbí ìjẹun fínígà funfun mẹ́ta sínú garawa omi ìkẹyìn. Òórùn rẹ̀ a lọ bí aṣọ bá gbẹ.

4. Mo ń gbọn aṣọ dáadáa kí n tó sá a. Lásìkò ọyẹ́, bó bá ti gbẹ ni mo ń ká a.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ má ṣe da fínígà pọ̀ mọ́ bílíìṣì láéláé. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan nínú balùwẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi. Gáàsì olóró ló jáde. Ikọ́ gbé wa, ojú ń ta wá, mo sáré bọ́ síta. Ọlọ́run ló yọ wá. Igi gańgan má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Odò ni àwọn ìyá wa ti ń fọ aṣọ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú. Omi tó ń ṣàn a gbé ọṣẹ lọ, aṣọ wọn a sì rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣan aṣọ wa dáadáa, kí a fi owó ike náà ra ẹyin fún àwọn ọmọ.