Ìṣirò Tí A Kọ, Ìṣirò Tí A Ṣe

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ráńpẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Ibi kan ṣoṣo ni n ó mú, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sú.

Ẹ rántí BODMAS. Ẹ mú (3 + 4) × 5. Ẹ fojú inú wò ó bí oríta méjì: 3 àti 4 pàdé ní oríta àròpọ̀, ohun tó jáde níbẹ̀ lọ bá 5 ní oríta ìsọdipúpọ̀. Àwòrán ọ̀nà àti oríta yìí ni wọ́n ń pè ní graph.

Nígbà tí Google gbé TensorFlow síta ní 2015, yíya àwòrán lọ́tọ̀, ṣíṣe iṣẹ́ lọ́tọ̀ ni. Ẹ pe àròpọ̀ yẹn ní c, kẹ́ ẹ pe ìsọdipúpọ̀ ní d. Ẹ ní kó fi d hàn yín. 35 kọ́ lẹ ó rí! Orúkọ oríta náà ni yóò kọ síwájú yín. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí Session, tẹ́ ẹ ní kó ṣe d, ni 35 tó máa jáde. Bó bá jẹ́ c lẹ bèèrè, 7 ni yóò mú wá, kò ní fọwọ́ kan ìsọdipúpọ̀ rárá.

Wàhálà kí lèyí? Ó nídìí. Ẹni tó ti rí gbogbo iṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ lè pín in: oríta tí kò dúró de ara wọn lè jọ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó tún jù ni pé kọ̀ǹpútà lè gba ọ̀nà kan náà padà sẹ́yìn láti ìdáhùn, kó wádìí ipa tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kó nínú àṣìṣe, kó sì tún wọn ṣe díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní ó ń kọ́ nìyẹn. Kò sí idán níbẹ̀.

Ní September 2019, TensorFlow 2.0 yí i padà. Bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọ́ báyìí ló ń ṣe é; 35 jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ graph á fi @tf.function sórí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ṣì wà nílẹ̀. Ọmọ á kọ tf.Session bí ìwé ti wí, kọ̀ǹpútà á ní òun ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ á rò pé olódo lòun. Olódo kẹ̀? Ìwé ló gbó! Ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé kẹ́ ẹ tó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́ nìkan ló wà, kó fi tf.compat.v1.disable_eager_execution() pa ìṣe tuntun náà, kó wá kọ tf.compat.v1.Session. Yóò ṣiṣẹ́.