Kí ẹ tó sanwó àpótí sípíkà
Ẹ̀yin ará wa ní Sábóńgàrì Kánò, Admin yín ni. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí káfíńtà bá yín kan àpótí sípíkà ínṣì 12 tí ẹ ó fi máa polówó ọjà, ẹ má tíì san gbogbo owó. Plywood 18mm ni kó lò, torí èyí tó fẹ́lẹ́ máa ń gbọ̀n ni. Ìṣó nìkan ò tó, kó fi gọ́ọ̀mù sí gbogbo oríkèé. Tí ojú ìsopọ̀ bá là, ohùn ẹ̀yìn sípíkà á jáde wá pa ti iwájú, báàsì á dínkù. Tó bá ní "ba komai", ẹ má gbà o! Ẹ tan orin, ẹ fọwọ́ wá ibi tí atẹ́gùn ti ń jò, kó dí i kó tó kùn ún.